Ẹyọ Owó Ló Kọ́ Gẹ́ẹ̀mù Yìí

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, ẹ má bínú, n kò ní pẹ́ jù. Mo rí i tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ka àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín yẹn kò burú. Àgbàlagbà tó bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tó ń yìnbọn nínú kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín ná kí á tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Gẹ́ẹ̀mù tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Spy Hunter. Bally Midway ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983. George Gomez ló ronú bí yóò ṣe rí, Tom Leon ló sì kọ ìlànà tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́, Interceptor lorúkọ rẹ̀. Ò ń wò ó láti òkè, ọ̀nà ń ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn sì ń lọ jẹ́jẹ́ wọn. Àárín àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni àwọn ọ̀tá fara pamọ́ sí. Ìbọn wà níwájú ọkọ̀ rẹ, ọta rẹ̀ kì í tán. Àmọ́ bó o bá fẹ́ ohun tó ju ìbọn lọ, o ní láti pe tírélà pupa kan. Á yọ sójú ọ̀nà, ìwọ á wá wakọ̀ gba ẹ̀yìn wọnú rẹ̀. Bó o bá fi máa jáde, o ti gba ọ́ìlì tí wàá dà sílẹ̀ fún ẹni tó ń lé ọ, tàbí èéfín tí wàá tú sí i lójú, tàbí mísáìlì tí wàá yìn sókè. Níwọ̀nba ni wọ́n ń fún ọ. Bó bá tán, ó di kí o tún pe tírélà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn ọ̀tá, torí ibẹ̀ ni adùn wà. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Switch Blade. Ó máa ń rìn sún mọ́ ọ bí ẹni tí kò ní nǹkan í ṣe. Lójijì ni irin abẹ á yọ lára táyà rẹ̀, á sì gé táyà tìrẹ. Òmíràn ni Enforcer, ọkọ̀ gígùn dúdú tí ẹnì kan ń yìnbọn jáde látinú rẹ̀. Hẹlikọ́pítà wà lókè tó ń ju bọ́ǹbù sójú ọ̀nà, ìbọn iwájú ọkọ̀ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mísáìlì nìkan ló ká a. Èyí tó wù mí jù ni Road Lord. Ìbọn kì í ràn án. Yìn ín títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní mì. Ohun tó o máa ṣe ni kí o fi ara ọkọ̀ rẹ sún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́ sínú igbó. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Ọ̀yọ́ bọ̀ wá síbí rí, tí tírélà méjì fi í sáàárín, kò nílò àlàyé mi lórí Road Lord.

Ibì kan wà nínú gẹ́ẹ̀mù yìí tí àwọn tó ń sáré yìnbọn kì í fojú sí. Bó o bá pa ọkọ̀ ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́, ariwo kankan kò ní sọ. Ọlọ́pàá kò ní jáde. Máàkì rẹ á kàn dúró. Ò ń sáré, ò ń yí sítíárìn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lókè kò lọ síwájú fún ìgbà díẹ̀. Bó o bá kúrò lójú títì, bákan náà ni, kò sí máàkì nínú igbó. Mo fẹ́ràn ìjìyà yẹn gan-an. Lọ́dún 1976, ilé iṣẹ́ Exidy ti gbé gẹ́ẹ̀mù kan jáde tí wọ́n pè ní Death Race. Ńṣe ni ò ń fi ọkọ̀ gbá àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń sá kiri, bó o bá ti gbá a, òkúta ibojì á yọ níbẹ̀, máàkì á wọlé. Ariwo tó sọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà lórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní àwọn ẹ̀dá náà kì í ṣe ènìyàn. Àmọ́ ẹni tó bá wo àwòrán náà mọ ohun tó jọ. Ọdún 7 lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Spy Hunter kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá owó iṣẹ́ rẹ dúró ni. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ìyẹn dunni ju èébú lọ?

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Orin tí Henry Mancini kọ fún eré tẹlifíṣọ̀n Peter Gunn lọ́dún 1958 ni wọ́n lò. Ti James Bond ni wọ́n fẹ́ tẹ́lẹ̀, wọn kò rí àṣẹ rẹ̀ gbà. Lójú tèmi, ó san bẹ́ẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ orin Mancini kò lọ síbì kan, kò bọ̀ láti ibì kan. Ó kàn ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí omele tí kì í rẹ̀, ìwọ tí ò ń wakọ̀ ló máa wá dà bí ìyáàlù lórí rẹ̀. Orin tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin kì bá ti bá gẹ́ẹ̀mù tí kò lópin mu.

Mo sọ pé kò lópin. Òótọ́ ni. Kò sí ọ̀tá àgbà tó dúró dè ọ́ ní ìparí, kò sí ìlú tí o máa dé. Ò ń lọ títí ọkọ̀ rẹ á fi tán. Kí nìdí tí ènìyàn fi máa kọ irú eré bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo bá wá.

Ẹ̀rọ ńlá kan ni Spy Hunter nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ilé eré ni wọ́n ń gbé e sí. Èyí tí wọ́n ń dúró lò wà, èyí tí wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀ náà wà. Ó ní sítíárìn tó jọ ti ọkọ̀ òfurufú, àwọn bọ́tìnnì ohun ìjà wà lára rẹ̀. Ó ní jíà, ipò méjì péré: ìyára díẹ̀ àti ìyára púpọ̀. Ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ kó lè sáré. Lára rẹ̀ náà ni ihò tí wọ́n ń ju owó sí wà, sẹ́ǹtì 25 nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ihò kékeré yẹn lọ̀gá gbogbo wọn. Nílùú tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1898 yìí, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Owó náà ni kẹ̀kẹ́ gẹ́ẹ̀mù.

Ẹ fọkàn bá mi lọ. Ẹni tó ra ẹ̀rọ yìí sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́ kí o tètè kú, kí ẹlòmíràn lè ju owó tirẹ̀ sí i. Àmọ́ bó o bá kú kí ọwọ́ rẹ tó balẹ̀, inú á bí ọ, o ò ní padà wá mọ́, wàá tún lọ ba ọjà jẹ́ fún un lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Kí ni àwọn tó kọ́ gẹ́ẹ̀mù ṣe? Wọ́n fi aago kan síbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 999, tó ń kà bọ̀ nísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí aago yẹn kò bá tíì tán, bó o bá kú, ọkọ̀ mìíràn á jáde, bó o bá tún kú, òmíràn á jáde, wọn kò kà á sí ọ lọ́rùn. Àkókò ìtọ́wò nìyẹn. Gbàrà tí aago bá ti dé òdo, ọ̀rọ̀ yí padà: ọkọ̀ tí máàkì rẹ bá rà fún ọ nìkan lo ní. Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ronú báyẹn. Ó ta ọ́ lọ́rẹ díẹ̀ kí o lè sọ pé òun kò rẹ́ ọ jẹ, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ sọ́wọ́ Road Lord. Ìdí tí kò fi lópin náà nìyẹn: gẹ́ẹ̀mù tó lópin, ẹni tó bá ti parí rẹ̀ kò ní ju owó sí i mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò Under G níbí, ẹ kò nílò láti dé Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ tó rí ìṣirò yìí. Ẹ wo ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá gbá ni ẹ ń san owó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹlòmíràn jókòó. Bàbá yẹn mọ iye ìṣẹ́jú tí ìdajì eré gbọ́dọ̀ jẹ́ kí epo jẹnẹrétọ̀ òun má baà run mọ́ owó ẹni méjì. Ẹ máa ń rò pé ó kàn ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o. Epo ló ṣètò rẹ̀. Atari Games tilẹ̀ fi epo gan-an ṣe òfin eré lọ́dún 1987, nínú RoadBlasters: ọkọ̀ ni, ìbọn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n epo ọkọ̀ ń jó lọ ni, àfi kí o máa he àwọn ohun róbótó aláwọ̀ ewé àti pupa tó wà lójú ọ̀nà kó lè wọlé padà. Bó bá tán, eré tán. Ẹni tó bá ti tò lórí ìlà nílé epo rí á gbádùn gẹ́ẹ̀mù yẹn lọ́nà tí ará Amẹ́ríkà kò lè gbádùn rẹ̀.

Ó dáa. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé gẹ́ẹ̀mù yìí wá sílé?

Wọ́n ti ṣe é fún Commodore 64 àti ZX Spectrum láyé ọjọ́un, kọ̀ǹpútà méjèèjì tó jáde lọ́dún 1982. Èyí tó tóbi nínú Spectrum ní ìrántí 48 KB. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù yín ń yà lónìí ti kọjá ìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Z80 tí ilé iṣẹ́ Zilog gbé jáde lọ́dún 1976 ló jẹ́ ọpọlọ fún Spectrum, òun náà ló sì wà nínú ẹ̀rọ ńlá ilé eré. Ọpọlọ kan náà, ṣùgbọ́n ara wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ̀rọ ilé eré ní àwọn ohun mìíràn tó ń bá a ya àwòrán, Spectrum kò ní. Àwọ̀ méjì péré ni kọ̀ǹpútà yẹn lè fi sínú igun mẹ́rin kékeré kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, nítorí náà bí ọkọ̀ kan bá sún mọ́ òmíràn, àwọ̀ ọ̀kan á ràn mọ́ èkejì lára. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tú gẹ́ẹ̀mù sínú rẹ̀. Wàá jókòó, wàá máa gbọ́ ariwo tó ń han etí, wàá máa gbàdúrà. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì wà lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta gẹ́ẹ̀mù nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ohun ìjà mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ rí i pé ìṣòro ti dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Lóde òní, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MAME ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Nicola Salmoria, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1997. Kì í ṣe pé wọ́n tún gẹ́ẹ̀mù náà kọ. Ńṣe ni MAME sọ kọ̀ǹpútà rẹ di ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, débi pé ìlànà tí Tom Leon kọ lọ́dún 1983 gan-an ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ti kúrò nínú àpótí onígi. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀fẹ́: MAME fúnra rẹ̀ kò ní ẹjọ́ nínú, ṣùgbọ́n gẹ́ẹ̀mù tí ẹ fẹ́ fi sínú rẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Midway wọ gbèsè lọ́dún 2009, Warner Bros. sì ra ọ̀pọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀. Iṣẹ́ àgbà kì í di ti gbogbo ayé nítorí pé àgbà náà kú. Ọmọ tó bá fẹ́ fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun lọ́la, kó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún ìwé ẹlòmíràn.

Bó o bá wá ṣí i tán, ohun àkọ́kọ́ tí wàá rí ni pé àwòrán náà ga, kò fẹ̀. Ojú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn wà ní òòró, ti laptop wà ní ìbú, nítorí náà òkùnkùn á wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹ má fà á fẹ̀ o. Àwọn kan máa ń fà á kó lè kún ojú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ á wá sanra bí àkèré. Gíga yẹn ló jẹ́ kí o rí ọ̀tá láti òkèèrè.

Ohun kejì ni kíbọ́ọ̀dù. Sítíárìn ni wọ́n fi kọ́ eré yìí, sítíárìn sì mọ díẹ̀, ó mọ púpọ̀. Bọ́tìnnì ọlọ́fà orí kíbọ́ọ̀dù kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ: o tẹ̀ ẹ́, tàbí o kò tẹ̀ ẹ́. Bó o bá fẹ́ sún Road Lord díẹ̀, o máa rí i pé o ti ta lu igi. Ẹ tẹ Tab, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò sítíárìn, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ láti máa fọwọ́ kan bọ́tìnnì ọlọ́fà wéréwéré, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Máúsì sàn díẹ̀ jù ú lọ. Sítíárìn oníke tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ló dáa jù, tokunbo rẹ̀ kò sì wọ́n bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ná.

Ohun kẹta ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Nínú MAME, bọ́tìnnì 5 ni ihò owó. Tẹ 5, kọ̀ǹpútà á gbà pé o ti ju owó sí i. Tẹ 5 lẹ́ẹ̀mẹwàá, o ti di olówó. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin nígbà tí wọ́n bá rí bọ́tìnnì yẹn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán. Wọ́n á kú, wọn ò bìkítà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í dúró de tírélà pupa mọ́, torí kí ni wọ́n fẹ́ fi ohun ìjà ṣe? Wọ́n á yìn fún ọ̀tá, wọ́n á yìn fún ẹni ẹlẹ́ni. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dìde, wọ́n á ní, «Bọ̀dá, gẹ́ẹ̀mù yìí ò dùn.» Wọn kò parọ́. Kò lè dùn. Gbogbo òfin inú rẹ̀, aago 999, máàkì tó ń dúró, ọkọ̀ tí a ń fi máàkì rà, orí owó tó ń dunni ni wọ́n kọ́ wọn lé. Ẹ ti yọ ìpìlẹ̀, ẹ wá ń bi ògiri pé kí ló dé tó fi wó.

Nílùú wa níbí ṣá, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni kọ̀ǹpútà ilé máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Iná ni sẹ́ǹtì 25 tiwa. Bátìrì laptop àtijọ́ kì í lò pẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Àwọn oníná kì í kìlọ̀ kí wọ́n tó mú un lọ. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ lè ṣú mọ́ òun lójú nígbàkigbà máa ń ta gẹ́ẹ̀mù yìí dáadáa ju ẹni tó ní iná láti àárọ̀ dalẹ́ lọ. Mo ti fojú ara mi rí i. Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn kan kún un: MAME kì í tọ́jú ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ fi sínú ìrántí rẹ̀, àti máàkì tó ga jù nínú rẹ̀, àfi bó o bá jáde bó ṣe yẹ. Bí iná bá lọ lójijì, ó lọ pẹ̀lú iyì rẹ. Nítorí náà, tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń há lọ́fun, ẹ tẹ Esc ná, kẹ́ ẹ tó máa pariwo epo.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa kọ gẹ́ẹ̀mù fún fóònù, ẹ̀yin ni mo dìídì ń bá sọ̀rọ̀. Ihò owó kò kúrò láyé. Ó ti wọnú fóònù. «Wo ìpolówó yìí kí o tó tẹ̀síwájú»: ihò owó nìyẹn. «Dúró títí di ọ̀la kí ọkàn rẹ tó kún, tàbí kí o rà á»: òun náà nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé ihò ti 1983 wà níta gbangba, gbogbo ènìyàn ló mọ iye tó ń gbà, nígbà tí ti ìsinsìnyí ń jẹ dátà rẹ lábẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó kọ ìlà àkọ́kọ́, ẹ bi ara yín: ta ló ń sanwó, ìgbà wo ló ń san án, kí ló sì gbà fún un? Ohun tí ẹ bá dáhùn ló máa pinnu ìgbà tí ọkọ̀ máa jóná nínú gẹ́ẹ̀mù yín, kì í ṣe bí àwòrán yín ṣe dára tó. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yín ní kí ẹ fi àwòrán bẹ̀rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo takò wọ́n lórí èyí.

Ẹnì kan ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìgbà tí a máa ta gẹ́ẹ̀mù náà ni ó fẹ́ béèrè. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn, a ti ṣí Spy Hunter sórí gbogbo wọn, sítíárìn wà lára èyí tó wà láàárín. Kí àwọn tó dúró láti àárọ̀ kọ́kọ́ jókòó. Ẹyọ kan ni mo ti jù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti ṣí bọ́tìnnì 5 kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú àpò agbádá mi ni wọ́n wà, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹyọ kejì, náírà ọgọ́rùn-ún ni, a máa fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀.